Omi inú ewé ni kí o bẹ̀rù: òróró èsìsì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìparí oṣù kẹrin. Òjò dá láti àná, ìrì sì ti gbẹ kí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tó lù. Ọjọ́ jíjá èsìsì nìyí, ewé tí a máa rẹ sínú òróró fún pípa ara àti awọ orí.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ó ti ga dé orókún báyìí létí odi ọgbà àti ní ẹ̀gbẹ́ ààtàn. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ló fẹ́ràn, débi pé bí o bá rí i tó ṣù jọ níbi kan ṣoṣo láàárín pápá, ó ṣeé ṣe kí ilé tàbí agbo ẹran ti wà níbẹ̀ rí. Urtica dioica ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Kì í ṣe èsìsì ilé wa gan-an. Ìbátan rẹ̀ ni. Wèrèpè ní tirẹ̀ kò bá a tan rárá, ìdílé ẹ̀wà ni wèrèpè ti wá.

Jíjó tó ń jóni lára ni gbogbo ènìyàn ń sá fún. Irun tín-ín-tín ara rẹ̀ ní ihò nínú bí abẹ́rẹ́. Ṣóńṣó rẹ̀ á kán sí awọ, oje á sì wọlé. Ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tí a fi ń fọ abọ́ ti tó fún ìyẹn. Ohun tó ń ba òróró jẹ́ ni omi, omi kì í sì í jóni tí èèyàn á fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ewé mẹ́rin sí mẹ́fà tó wà lókè pátápátá ni kí o já, kí ó tó yọ òdòdó. Fi ẹ̀bá títì sílẹ̀, fi ibi tí ajá ti ń gbẹ́sẹ̀ sókè sílẹ̀. Èyí tó bá ká kò tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bóyá wọ́n ti fín oògùn sí i. Ní England àti Wales, òfin olè jíjà ọdún 1968 kò ka ewé igbó tí èèyàn já fún ìlò ara rẹ̀ sí olè. Bí o bá fẹ́ tà á, ọ̀rọ̀ di méjì. Má fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò láìgba àṣẹ onílẹ̀, òfin ọdún 1981 lòdì sí i. Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ mìíràn tún ní òfin tiwọn.

250 gíráàmù ewé tútù máa ń gbẹ kù sí nǹkan bí 50. Má fọ̀ ọ́. Gbọn kòkòrò dànù, kí o tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ níbi òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ewé má gun ara wọn. Ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ewé á ti ń dún ṣàkàṣàkà, ọ̀pá tó gbé e dúró ṣì lómi nínú. Ṣẹ́ ọ̀pá náà wò. Bí ó bá tẹ̀ tí kò kán pá, kò tíì gbẹ. Èyí tó dúdú tàbí tó ń rùn bíi koríko tó rà, ààtàn ni kí o dá a padà sí.

Fi ọwọ́ rún un, má lọ̀ ọ́ kúnná, nítorí lẹ́búlẹ́bú kì í ṣeé sẹ́ dáadáa. 50 gíráàmù sí 500 mílílítà òróró ólífì, nínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí kò ní ẹ̀kán omi kan. Àdí àgbọn dára, ṣùgbọ́n ó máa ń dì bí ooru kò bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ilé ìdáná ìlú yìí kì í sábà móoru tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá máa lò ó, àfi kí o gbé e kaná.

Ẹni tó ní sùúrù á fi ìgò náà pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, á máa mì ín lójoojúmọ́. Ewé máa ń fa òróró mu ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Bu òmíràn kún un, nítorí ewé tó bá yọrí sókè ni èébu yóò kọ́kọ́ mú. Ẹni tó ń kánjú á gbé abọ́ òróró sínú ìkòkò omi gbígbóná tí kò hó, wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí òróró má kọjá ìwọ̀n 60. Má fi ọmọrí dé e: ooru omi tó bá dì sí ọmọrí á kán padà sínú òróró. Bí ewé bá ń yọ ìfóòfó, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń ta sánsán bíi dòdò, o ti dín in nìyẹn.

Fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, kí o fún un, ṣùgbọ́n ya èyí tí o fún sọ́tọ̀, kí o sì kọ́kọ́ lò ó. Jẹ́ kí ìyókù sùn di ọjọ́ kejì. Bí ẹ̀kán tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, rọra da òkè sínú ìgò dúdú, má da ìsàlẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan ń gbé e sójú fèrèsé nítorí àwọ̀ ewé rẹ̀ tó rẹwà. Àwọ̀ yẹn gan-an ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń mú kí òróró tètè kan. Nínú òkùnkùn, ó lè pé oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Fítámì E á dá kíkan rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀. Kò rí nǹkan ṣe sí èébu.

Ẹni tó ń wá èròjà áyọ́ọ̀nù (iron) tàbí fítámì C, òróró kò fa ìyẹn jáde. Kí ó bọ ewé náà bí ẹ̀fọ́, ìṣẹ́jú méjì nínú omi híhó ti pa jíjó rẹ̀. Ara àti awọ orí ni òróró yìí wà fún, kò sì tíì sí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń mú irun hù. Kọ́kọ́ fi díẹ̀ ra ìgúnpá fún wákàtí 24.

Bí o bá fi ewé tútù ṣe òróró jíjẹ, inú fíríìjì ni, kí o dà á nù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa botulism, àìsàn májèlé inú oúnjẹ tó ń rọ iṣan ara, máa ń dàgbà níbi tí omi wà tí afẹ́fẹ́ kò dé, májèlé rẹ̀ kò sì lóòórùn.