Okùn Ló Ń Gbé Ìjẹ Lọ

Sátidé, oṣù Karùn-ún, ìrọ̀lẹ́

Omi àwọn adágún Georgia, ní Amẹ́ríkà, ti móoru dé ibi tí ẹja bass fi ń wá jẹun lójú omi tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi fly, ìyẹn ìjẹ àtọwọ́dá tó fúyẹ́, pa á, àsìkò rẹ̀ rèé. Bass ẹlẹ́nu gbàǹgbà ni mò ń sọ. Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ní adágún Montgomery, ni George Perry ti pa èyí tó wọn pọ́ùn 22 àti áùnsì 4 lọ́dún 1932. Kì í ṣe fly ló fi pa á o, ṣùgbọ́n èyí tó wọn pọ́ùn méjì péré ti tó láti tẹ ọ̀pá fly kọdọrọ.

Nínú ìpẹja tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ìjẹ tàbí òjé ló wúwo, òun ló ń wọ́ okùn lọ. Fly kò wúwo: ìyẹ́ ẹyẹ àti irun àgbọ̀nrín tí a fi òwú dì mọ́ ìwọ̀ ni. Okùn rẹ̀ ló nípọn, òun ló wúwo, òun ló ń gbé fly lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí, inú ọ̀rọ̀ yìí ló ti wá.

Ọ̀pá nọ́ńbà 8, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9, ni kí ẹ rà. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí okùn tí ọ̀pá lè jù ṣe wúwo tó. Nọ́ńbà 5 fúyẹ́ lọ́wọ́, òun ni wọ́n sì sábà máa ń fi lọ olùbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹja trout ló wà fún. Popper, ìyẹn fly olórí fóòmù tàbí kọ́ọ̀kì tó ń léfòó, máa ń gba atẹ́gùn sára, okùn nọ́ńbà 5 kò sì lágbára tó láti gbé e dé iwájú. Yàtọ̀ sí èyí, abẹ́ òṣíbàtà ni bass ń sá sí tí ìwọ̀ bá ti kọ́ ọ. Ẹ ní láti fà á jáde kíákíá. Okùn yín gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà ọ̀pá mu, kó jẹ́ irú tó ń léfòó, tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ síwájú. Ríìlì, ìyẹn ohun tí a ń ká okùn sí lára ọ̀pá, olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ ti tó, torí ọwọ́ la fi ń fa bass wọlé, kì í sáré jìnnà. Ẹ fi owó tó kù ra okùn gidi.

Leader, ìyẹn okùn tó tín-ín-rín ju okùn fly lọ, ló wà láàárín okùn àti fly. Ẹsẹ̀ bàtà 7 àbọ̀ ti tó, kí ìparí rẹ̀ lè gba pọ́ùn 10 sí 12. Tó bá gùn jù, tó sì tín-ín-rín, yóò ká jọ sójú kan, popper á sì já lé e lórí. Tí ẹ bá ta kókó, ẹ fi itọ́ rin ín kẹ́ ẹ tó fà á le, torí ooru tó wà nínú fífà gbígbẹ máa ń ba okùn jẹ́.

Orí koríko la ti ń kọ́ bí a ṣe ń jù ú. Ẹ gé ẹnu ìwọ̀ fly kan kúrò, ẹ tú okùn bí ẹsẹ̀ bàtà 30 sílẹ̀ gbọọrọ níwájú yín. Ẹ rẹ orí ọ̀pá sílẹ̀ kí okùn má dẹ̀. Ẹ gbé e jẹ́jẹ́, kó máa yára sí i, kẹ́ ẹ dá a dúró gbọn-in nígbà tó bá kọjá etí yín díẹ̀. Kẹ́ ẹ wá dúró. Okùn ṣì ń tú lẹ́yìn yín. Ẹ yíjú wò ó. Ìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán ni kí ẹ gbá a síwájú, kẹ́ ẹ tún dá a dúró.

Bó bá dún pàà bíi pàṣán, ẹ ti yára jù, fly lè já dànù. Bí okùn bá ń já sórí koríko lẹ́yìn yín, ọrùn ọwọ́ yín ló ń tẹ̀ jù, tí orí ọ̀pá ń lọ kan ilẹ̀. Bí leader bá ń ta kókó fúnra rẹ̀, ẹ ti lo gbogbo agbára yín látìbẹ̀rẹ̀. Ìparí ni agbára yẹ kó wà. Ẹ wọ awò ojú nígbà gbogbo, pàápàá tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti apá tí ẹ fi ń jù.

Lójú omi, kò pọn dandan kó jìnnà. Ẹ ju popper sí ẹ̀gbẹ́ òṣíbàtà tàbí igi tó wó sómi, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ títí ìrugùdù tó dá sílẹ̀ yóò fi pòórá. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó dúró jẹ́ẹ́ gan-an ni bass sábà máa ń gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan kó dún pọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tún dúró.

Tí omi bá bú, tí bass gbé popper, ẹ má gbé ọ̀pá sókè. Orí ọ̀pá rọ̀, ẹnu bass le, ẹ kàn máa já popper gbà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹ kọjú ọ̀pá sí i, ẹ fi ọwọ́ kejì fa okùn títí ẹ ó fi mọ ìwúwo rẹ̀ lára, kí ẹ tó gbé ọ̀pá.

Lọ́sàn-án gangan, ẹ bọ́ popper kúrò, ẹ so Clouser Minnow, fly kan tó ń rì sómi. Bob Clouser ló dá a sílẹ̀ fún bass ẹlẹ́nu kékeré ní odò Susquehanna, ní Pennsylvania. Ojú onírin rẹ̀ ló ń rì í, òun náà ló ń dojú ìwọ̀ kọ òkè, tí kì í fi í tètè kọ́ òkúta. Ẹ máa jù ú pẹ̀lẹ́, torí ó wúwo ju popper lọ, bó bá sì bà yín lórí, yóò dùn yín gan-an.

Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ pẹlẹbẹ kẹ́ ẹ tó dé etí omi. Eyín bass kò mú, ètè ìsàlẹ̀ la fi ń dì í mú. Tó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ kejì tó ti rin gbé ikùn rẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí tó ń ṣọ́ ìtẹ́ nínú omi tí kò jìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Akọ ló ń ṣọ́ ẹyin, bó bá sì kúrò díẹ̀, àwọn ẹja kéékèèké yóò jẹ ẹyin náà.