Kí ni ajá yín ń jẹ?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹnu iṣẹ́, ọdún 6 ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, síbẹ̀ ọmọ ajá kan ló wá kọ́ mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ máa bi oníajá.

N ò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà tí bàbá kan gbé ọmọ ajá Alsatian olóṣù mẹ́rin wá. Táwẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi wé e, bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ jòjòló. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, bí mo sì ṣe fọwọ́ kàn án ló figbe ta. Ọkàn mi lọ sí i pé ó já bọ́ ni. Mo fún un ní oògùn ìrora, mo gún un ní abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù, mo ní kí wọ́n máa lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n fi padà dé: eegun itan ti ṣẹ́. Orí àga ló ti fò sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí béèrè ohun tó ń jẹ. Inú bàbá dùn sí ìbéèrè náà. "Ẹran ni o, Dókítà. Ẹran màlúù tí kò léegun. Èmi gan-an kì í jẹ tó o."

Èròjà méjì ló ń mú eegun le: kálísíọ̀mù àti phosphorus. Phosphorus inú ẹran tí kò léegun fi nǹkan bí ìlọ́po 15 sí 20 ju kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ. Ọmọ ajá tó ń dàgbà ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí kálísíọ̀mù fi díẹ̀ ju phosphorus lọ. Bí kálísíọ̀mù bá ń wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, ara kì í dákẹ́, torí ọkàn kò lè lù láìsí i. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà lọ́rùn, tí à ń pè ní parathyroid, á ránṣẹ́ sí eegun pé kó mú tirẹ̀ wá. Eegun á máa san án lójoojúmọ́ títí inú rẹ̀ á fi rí bí igi tí ikán ti jẹ. Abẹ́rẹ́ tí mo gún kò lè dí ihò yẹn. A yí oúnjẹ rẹ̀ padà, a fi í sí àyè tó há kó má baà máa fò, ó sì dìde rìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú yẹn kò nà tán mọ́. Bàbá yẹn fẹ́ràn ajá wọn. Èmi tó yẹ kí n béèrè ni mi ò béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí gbogbo èèyàn máa po kálísíọ̀mù mọ́ oúnjẹ ajá. Àṣìṣe ni ìyẹn náà. Oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá ti ní èyí tó tó, ìfun ọmọ ajá ńlá bíi Boerboel àti Rottweiler kò sì tíì mọ bí a ti ń kọ èyí tó pọ̀ jù ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ á wọlé, eegun á tún wọ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú abọ́ ná.

Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò wá bá yín ni kò lówó oúnjẹ inú àpò. Ìyá kan sọ fún mi pé, "Dókítà, ọmọ mi, ohun tí a bá jẹ kù ló ń jẹ." Ẹ̀bà ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo ti lanu láti dárúkọ oúnjẹ olówó ńlá, mo wá rí i tí wọ́n ń tú owó ní ìṣẹ́tí ìró. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní kí wọ́n máa bu ti ajá sọ́tọ̀ kí alùbọ́sà tó wọ ìkòkò, torí alùbọ́sà, tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Mo ní kí wọ́n máa se ṣáwá títí eegun rẹ̀ á fi ṣeé fọwọ́ rún, kí wọ́n fi ẹyin kún un, àti ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹja, kí wọ́n lọ èèpo ẹyin kúnná: ìdajì ṣíbí tíì lójúmọ́ á tó ajá àgbà tó wọn kílò 15. Ṣíbí ilé wọn ni kí ẹ fi wọn nǹkan fún wọn, ẹ má ka gíráàmù sí wọn létí.

Ní ti parvo, àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá, wọ́n kọ́ wa pé kí ọmọ ajá tó ń bì máa gbààwẹ̀ títí èébì á fi dá. Ẹ má fi ebi pa á. Bí oògùn èébì bá ti ń mú un, ẹ máa fi sírínjì fún un ní oúnjẹ olómi díẹ̀díẹ̀, torí lára oúnjẹ tó ń gba inú ìfun kọjá ni ìfun ti ń rí okun tún ara rẹ̀ ṣe. Àjẹsára parvo sì gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì tó tutù dé ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Mo ti da odidi páálí nù rí lẹ́yìn tí iná lọ fún ọjọ́ méjì, ọ̀gá mi ìgbà náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún dà á nù.

Ìdáhùn kan wà tó gbọ́dọ̀ bà yín lẹ́rù. Ẹ ó bi wọ́n pé kí ni ajá jẹ, wọn á ní, "Eegun ló há a lọ́fun." Wọ́n gbé irú rẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan: ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣeé pa dé, itọ́ ń yọ̀ bí ilá. Ọwọ́ mi ti ń lọ sínú ẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Káàdì àjẹsára rẹ̀ dà?" Kò sí káàdì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti rọ, kò sí eegun kankan níbẹ̀. Dígbòlugi ni, irú èyí tí kì í bá èèyàn jà. Ẹ gba àjẹsára dígbòlugi tiyín kí ẹ tó fọwọ́ kan ajá ẹnikẹ́ni. Bí ajá bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bí ẹ bá ti gba àjẹsára.

Ẹ̀gbọ́n yẹn bi ìyá tó gbé ajá wá pé ta ló ti ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ nílé. Àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, láti àná ni wọ́n ti ń wá eegun náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti kó wọn lọ gba abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kejì ni ajá náà kú.