Omi lorúkọ rẹ̀!

Lálẹ́ àná ni èmi àti àbúrò mi jókòó wo Kinds of Kindness, fíìmù Yorgos Lanthimos ti ọdún 2024. Ìṣẹ́jú 164! Ìtàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àwọn òṣèré kan náà ló sì ń tún ara dá láti ọ̀kan dé èkejì.

Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀gá kan ló ń pàṣẹ ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa jẹ, ohun tó máa mu, títí dórí ìgbà tó máa bá ìyàwó rẹ̀ sùn. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ayé rẹ̀ dojú rú. Jesse Plemons ló ṣe é, ojú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ní Cannes, àjọ̀dún fíìmù ńlá ilẹ̀ Faransé, ó sì tọ́ sí i.

Ìkejì? Ọkọ ní ìka ìyàwó òun ni kó sè fún òun jẹ. Ìyàwó gé e, ó sè é. Mo rọra gbé abọ́ mi sílẹ̀.

Ìkẹta ló wá pa wá. Willem Dafoe ni olórí ìjọ kan níbẹ̀, Omi lorúkọ rẹ̀. Omi o! Omi tí àwọn ọmọ ìjọ sì ń mu, omijé òun àti obìnrin tí wọ́n jọ ń darí wọn ló wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi pariwo: "Bọ̀dá mi, ṣé Yorùbá ló kọ fíìmù yìí ni?" Mo ní rárá, ará Gíríìsì ni. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwa náà.

Nígbà tó yá, ó lọ bu omi wá nínú ife. Ó wò ó, ó wò mí, kò mu ún.