Iwin inú gíláàsì: òkùnkùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́

Ẹni tó bá ti jókòó ti fèrèsé mọ́tò lálẹ́ ti rí iwin rí. Lọ́sàn-án, igi àti ilé ẹ̀bá ọ̀nà là ń rí nínú gíláàsì yẹn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí awakọ̀ sì tan iná inú ọkọ̀, ojú ara wa la máa bá níbẹ̀, tó léfòó sórí igbó. Gíláàsì ò yí padà o, ìmọ́lẹ̀ ló ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ìkejì. Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ físíìsì, iṣẹ́ iná tàbí iṣẹ́ ọnà, tó ń wù yín láti máa ṣẹ̀dá ohun ìyanu sínú ọgbà ìgbafẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ronú kan kọ̀ǹpútà.

Oṣù Kejìlá ọdún 1862 ni John Henry Pepper fi ọgbọ́n yìí han àwọn ará London ní Royal Polytechnic Institution. Henry Dircks ló kọ́kọ́ gbé èrò náà wá, àmọ́ bó ṣe tò ó, àfi kí wọ́n tún gbọ̀ngàn eré kọ́. Pepper gbé gíláàsì síwájú ìtàgé, ó jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fi òṣèré kan pamọ́ sínú kòtò nísàlẹ̀, ó sì tan iná tó mọ́lẹ̀ gidi sí i lára. Òǹwòran ò rí kòtò. Iwin ni wọ́n rí láàárín àwọn tó ń ṣeré lókè. Nígbà tí Haunted Mansion, ilé iwin tí èrò ń fi ọkọ̀ wò, ṣí ní ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland, California, lọ́dún 1969, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò fún gbọ̀ngàn ijó rẹ̀. Ọkọ̀ èrò ń gba òkè kọjá, gíláàsì ńlá wà láàárín wọn àti gbọ̀ngàn, àwọn ère oní-ẹ̀rọ sì wà nínú òkùnkùn lókè àti nísàlẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀, níbi tí ojú ò tó. Tí ẹ bá wo àwọn tó ń jó níbẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i pé obìnrin ló ń darí ọkùnrin. Gíláàsì ti sọ ọ̀tún di òsì. Tí iwin yín bá máa kọ̀wé, tàbí tó máa na ọwọ́ ọ̀tún sí èèyàn, ara ère ni kí ẹ ti yí i padà.

Ìṣirò tó gbé iṣẹ́ yìí ró ò le. Gíláàsì lásán tó wà ní igun digírì 45 ń dá bí ìdá 5 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú méjì ló ní, ó di bí ìdá 10. Nǹkan bí ìdá 90 ń kọjá. Tí iná kan náà bá wà lára ère àti lára yàrá tí iwin máa hàn sí, yàrá á mọ́lẹ̀ ju iwin lọ ní ìlọ́po 9. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á sáré ra gílóòbù tó tóbi sí i. Iná yẹn á fọ́n sára ògiri àti òrùlé ibi ìpamọ́, òǹwòran á sì rí ibi ìpamọ́ náà léfòó sínú yàrá pẹ̀lú iwin. Iná yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àrán dúdú bo gbogbo inú ibi ìpamọ́, torí pé ọ̀dà dúdú tó ń dán àti páálí dúdú ṣì ń dá iná padà.

Ẹ fi páálí ẹrù dán an wò kí ẹ tó náwó. Ẹ ṣe yàrá méjì tó pàdé bí igun ilé, ọ̀kan kọjú sí òǹwòran, èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí fífẹ̀ àti gíga wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Perspex (ike tó mọ́ kedere bíi gíláàsì) tó nípọn mìlímítà 3 máa dábùú ibi tí wọ́n ti pàdé láti igun sí igun, nítorí náà gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 57. Ẹni tó bá gé e ní 40 ti ba perspex jẹ́. Iwin máa ń hàn lẹ́yìn gíláàsì ní ìwọ̀n tí ère fi jìnnà sí iwájú rẹ̀. Ẹ gbé àga kékeré kan tí iwin máa jókòó lé sínú yàrá tó kọjú sí òǹwòran. Tí àga náà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín perspex, ẹ gbé ère sí 25 nínú yàrá ẹ̀gbẹ́, láti ojú kan náà.

Ẹ wá di ojú kan, kí ẹ sún orí lọ sọ́tùn-ún, sósì. Tí iwin bá dúró lórí àga, ó ti bọ́ sí i. Tó bá ń tẹ̀lé orí yín kúrò lórí àga, ó ti jìnnà jù, ẹ sún ère mọ́ perspex. Tó bá ń sá lọ sí òdìkejì, ẹ sún un sẹ́yìn. Ẹ má fo ìdánwò yìí láé, torí èrò inú ọkọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ kì í dúró lójú kan. Ìdí nìyẹn tí ère gidi fi ń borí fídíò níbẹ̀: bí ọkọ̀ ti ń lọ, òǹwòran ń rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, àwòrán pẹlẹbẹ ò sì ní ẹ̀yìn.

Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n LCD lẹ fẹ́ lò dípò ère, ẹ mọ̀ pé ìhà kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n sí. Ní igun 45, gíláàsì ń dá ìhà kan padà tó ìdá 9 nínú 100 ní ojú kọ̀ọ̀kan, ìhà kejì ò sì tó ìdá 1. Iwin lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ẹ yí tẹlifíṣọ̀n náà sí ìbú tàbí òòró, kí ẹ wò ó kí ẹ tó kàn án mọ́lẹ̀.

Ojú méjì gíláàsì tún ń bí ìbejì: iwin kan pẹ̀lú èkejì tó rọra ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní igun 45, àlàfo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìnípọn gíláàsì. Gíláàsì mìlímítà 10 á fún yín ní bíi 7.5, ẹni tó wà ní mítà 5 sì lè rí i. Rọ́bà fẹlẹfẹlẹ tí wọ́n ń nà sórí férémù ò ní wàhálà yìí, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fà á le ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí atẹ́gùn AC má sì kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú iwin á máa wọ́.

Ojú èèyàn máa ń lo ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn tán. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí èrò ń tò gbà wọlé máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, ẹ máà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pa iná lójijì. Àmì àbájáde tó ń tàn lókè ilẹ̀kùn máa ń hàn nínú gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù funfun àti fóònù òǹwòran. Ẹ jókòó sí gbogbo ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá àmì náà nínú gíláàsì. Níbi tí ẹ bá ti rí i, gíláàsì tàbí ìjókòó lẹ máa sún. Ẹ má bo iná àbájáde, ẹ má sì dín in kù.