Dẹ́dílàìnì aago márùn-ún ìdájí

Ẹni tó bá ti kọ pọ̀pósà, ìwé tí NGO (àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kì í sì í wá èrè) fi ń tọrọ owó iṣẹ́, ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà láti Ìbàdàn rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á ní 11:59 alẹ́ ni dẹ́dílàìnì, àmọ́ alẹ́ tiwọn ni o, tiwa ti di aago márùn-ún ìdájí ku ìṣẹ́jú kan, tó bá wá bọ́ sí ìgbà òtútù wọn ó di mẹ́fà ku ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó ń lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà. Bọ̀dá Akáǹtì á máa ro bọ́jẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kẹrin, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, ẹnì kan á ti ra dátà sórí fóònù mẹ́ta tórí a ò mọ èyí tó máa já wa kulẹ̀, Màmá (ọ̀gá wa nìyẹn, ta ló jẹ́ pè é lórúkọ) á ní kí wọ́n lọ wá àkàrà wá. Tá a bá ti fi ránṣẹ́ tán, ẹni tó máa kírun á kírun, àwa tó kù á na ẹ̀yìn sórí bẹ́ǹṣì.

Ní Baltimore tí mo wà báyìí, 11:59 ti di alẹ́ tèmi náà. Iná ò lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì ń sáré. Àmọ́ èmi nìkan ni mo jókòó ti tábìlì kíṣínì, ọ̀gá tó ní kí n máa pe òun lórúkọ, tí ẹnu mi ò tíì gbà á dòní, ti sùn láti aago mẹ́sàn-án.

Nílé, iṣẹ́ máa ń já lù wá ni. A lè jókòó oṣù méjì ká máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ká tó mọ̀, ìpè mẹ́ta (ìkéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ owó kọ pọ̀pósà wá) ti jáde pọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ní. Ìdí nìyẹn tí Màmá ò fi fi fáìlì rẹ̀ ṣeré: sátífíkéètì CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti NGO sílẹ̀), ti SCUML (ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin mọ́), àkáǹtì ọdún mẹ́ta tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí, sívíì gbogbo wa, ó ti wà nílẹ̀ kí ìpè tó dé. Síbẹ̀ ọdún 2023 ṣe wá. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo kọ nígbà tí lítà epo ò tíì tó igba náírà, oṣù kẹfà dé ó ti lé ní irinwó, owó ọkọ̀ tá a kọ sínú ẹ̀ wá dà bí àwàdà.

Ti ibí ní kàlẹ́ńdà. Ọdún ìnáwó Maryland, ìpínlẹ̀ tí Baltimore wà, ń bẹ̀rẹ̀ ní July 1, ti ìjọba àpapọ̀ October 1, NGO tó bá parí ọdún tiẹ̀ ní June 30 gbọ́dọ̀ fi Form 990 (ìwé ìṣirò ọdọọdún tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn agbowó orí) ránṣẹ́, ó pẹ́ tán November 15, àyàfi tó bá tọrọ àfikún ọjọ́, kò pẹ́ sí i GivingTuesday, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọrẹ, dé, lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà ìparí ọdún, tórí àwọn ènìyàn fẹ́ fi ọrẹ wọn dín owó orí kù kí December 31 tó kọjá. Disẹ́mbà tí wọ́n ń jó níbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, mò ń kọ "a dúpẹ́ púpọ̀" fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Jánúárì ni mo tó mí, ìgbà yẹn ni mo máa ń to fáìlì bíi ti Màmá, àwọn ara ọ́fíìsì rò pé mo ti ya wèrè.

Ṣebí wọ́n ní ìlú òyìnbó létò? Ní October 1, 2025 ìjọba wọn ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 43, gbogbo kàlẹ́ńdà tí mo yà láwọ̀ méje di bébà lásán. Mo rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń rí nílé nìyẹn.

Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ti dúró ní Jánúárì 2025, ilé iṣẹ́ àdáni ní Èkó ni Bọ̀dá Akáǹtì ń kọ pọ̀pósà sí báyìí. Ó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Àbúrò, bá mi wo pọ̀pósà yìí." Aago mẹ́rin ìdájí tiẹ̀, mọ́kànlá alẹ́ tèmi, mo sì ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.