Ẹja aláwọ̀ méjì àti ihò rẹ̀

Ó tó ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń sin ẹja inú omi iyọ̀ nínú àpótí onígíláàsì kan tí ó ń gba omi lítà 120, nínú pálọ̀ mi ní London. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú wọn, royal gramma ni n óò dárúkọ. Ekukáká ni ó fi ń gùn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, ṣùgbọ́n láti orí dé àárín ara rẹ̀ ni ó ní àwọ̀ elésè àlùkò, láti àárín dé ìrù sì ni ó ní àwọ̀ ìyeyè tí ń dán yanran.

Kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ rà. Royal dottyback ni mo kọ́kọ́ gbé wálé, nítorí pé gramma ni ẹni tí ó tà á fún mi pè é, èmi náà kò sì mọ ìyàtọ̀. Wọ́n jọra bí ìbejì lójú ẹni tí ó bá wò wọ́n láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ inú òkun Caribbean ni gramma ti wá, tí dottyback sì jẹ́ ará ìwọ̀-oòrùn òkun Pacific. Ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ wò. Lára dottyback, àfi bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i. Lára gramma, àwọ̀ kan ń yọ́ wọ inú èkejì díẹ̀díẹ̀, àmì dúdú kan sì wà níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, dottyback náà ti sọ gbogbo àpótí di ogún baba rẹ̀. Firefish kan tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, ẹja jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, kò lè jáde jẹun mọ́. Ẹ̀yìn pọ́ọ̀ǹpù ni ó ń sá pamọ́ sí, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá a nílẹ̀, tí ó ti gbẹ. Mo jẹ̀bi níbẹ̀, nítorí pé n kò fi àwọ̀n bo orí àpótí, ẹja tí wọ́n bá sì ń lé kiri yóò fò jáde. Nígbà tí mo fẹ́ mú òǹrorò náà kúrò, gbogbo òkúta ni mo kó síta kí ọwọ́ mi tó tẹ̀ ẹ́.

Gramma pàápàá kì í gba gbẹ̀rẹ́, àmọ́ ilẹ̀ tirẹ̀ kò tóbi. Ihò kan ṣoṣo lábẹ́ òkúta ni ó máa ń yàn, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì súnmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹnu ni yóò là gbàgà sí onítọ̀hún. Bí àlejò bá ti yẹra, ọ̀rọ̀ parí. Nítorí náà, ìwọ̀nba ihò tí ó wà nínú àpótí ni mo máa ń kà kí n tó ka iye ẹja, n kò sì jẹ́ fi gramma méjì sínú àpótí kékeré bíi tèmi.

Felipe Poey, onímọ̀ ẹja ọmọ Havana, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1868. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ̀ pé Cuba, níbi tí wọ́n ti ń bọ Yemọja títí di òní, ni ọ̀rọ̀ ẹja mi ti bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́ òkúta tí ó gùn síta bí àjà ni ó máa ń wà, ikùn rẹ̀ ni ó sì máa ń kọ sí òkúta náà, tí yóò fi dorí kodò pátápátá. Ìyá mi rí i lórí fóònù lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ẹja rẹ ti kú o, yọ ọ́ kúrò kí ó má ba omi jẹ́.” Mo ju edé wẹ́wẹ́ díẹ̀ sínú omi, òkú náà sì jáde wá jẹun.

Ti omi kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò: nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan, kí ooru rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n Celsius 25. Ohun tí ó ń ṣi alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́nà ni pé omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ, nítorí náà omi tí kò ní iyọ̀ ni a fi ń dí èyí tí ó bá fà.

Ó dára kí gramma wọlé kẹ́yìn, lẹ́yìn àwọn ẹja jẹ́jẹ́. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ mi fẹ́ clownfish méjì lóṣù tó kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo tún àwọn òkúta tò kí àpótí lè ṣàjèjì sí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan òkúta gramma. Ọjọ́ méjì ni ó fi lanu sí àwọn àlejò náà. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti padà sábẹ́ àjà rẹ̀, ó dorí kodò.