Ọmọlangidi tó ti Channapatna wá sí Kétu

Àbúrò mi tó ń kàwé ní Bangalore, ní Íńdíà, wálé sí Kétu lóṣù tó kọjá. Ó mú ọmọlangidi onígi kan wá fún ọmọ mi. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ, orí rẹ̀ rí roboto, ara pupa òun yẹ́lò, ó sì ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Ẹnu ni Àbẹ̀ní fi í sí. Mo sáré fẹ́ gbà á, àbúrò mi ní, "Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà inú agolo."

Bàbá mi gbà á wò. Agbẹ́gilére ni wọ́n, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni iṣẹ́ wọn láti kékeré. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fi èékánná ha á, àwọ̀ náà kò bó. "Kí ni wọ́n fi kùn ún?"

Àbúrò mi ní Channapatna ni wọ́n ti ṣe é, ìlú kan tó tó nǹkan bí 60 kìlómítà sí Bangalore, lójú ọ̀nà Mysore. Igi funfun ni wọ́n ń lò, èyí tí oje bíi wàrà ń ṣàn lára rẹ̀ bí a bá gé e. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, wọ́n á wá gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí i bírí. Bó ṣe ń yí ni wọ́n á ti ọ̀pá lac aláwọ̀, ìyẹn oje kòkòrò tó ti gan, mọ́ ọn lára. Ooru á yọ́ lac náà, á lẹ̀ mọ́ igi. Ewé ni wọ́n fi ń dán an. Kòkòrò wẹ́wẹ́ ló ń pèsè lac yìí sára ẹ̀ka igi, àtalẹ̀ pupa sì ni wọ́n fi ń ṣe yẹ́lò. Bàbá ní kó tún un sọ.

Ọmọlangidi ti Kondapalli, ìlú mìíràn ní Andhra Pradesh, ní Íńdíà, kò wù Bàbá tó bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń ṣe é ń gbẹ́ apá àti orí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń fi kóró àjàgbọn lílọ̀ àti ìyẹ̀fun igi lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Bàbá gbẹ́ ọmọlangidi fún mi rí. Mo ń fi àkísà ìró ìyá mi pọ̀n ọ́n kiri àgbàlá. Bí mo bá dé ọjà báyìí, oníke nìkan ni mò ń rí, ó sì ń dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá mú ègé igi tó ṣẹ́kù lára ère kan, wọ́n gbẹ́ ọ̀kan fún Àbẹ̀ní, wọ́n fi osùn kùn ún. Kò tíì di alẹ́ tí osùn náà fi kun aṣọ ọmọ mi. Wọ́n ti ní kí àbúrò mi fi ọ̀pá lac ránṣẹ́ bó bá padà. Wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń yí, iná ẹyín ni wọ́n fẹ́ fi yọ́ ọ.